Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Mi Nínú Àwòrán

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ sì wú u tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò ní okun tí n ó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń dì mí lọ́wọ́ mú, tí ẹ ń sọ pé, "Karbalayi Safar, mo ti forí jì ọ́, ìwọ náà forí jì mí," bí a ti ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ lọ. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń forí rẹ̀ jì mí kò tó nǹkan: ẹni tí mo gba omi oko rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹni tí mo bú lójú ọ̀nà, ẹni tí ewúrẹ́ mi jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ forí rẹ̀ jì mí gan-an, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Mo ti gbé e pamọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lọ ju ogún lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Mirza, ìwọ tó o mọ̀wé, mú kálámù rẹ, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má fi oyin sí i. Sanam, ọmọ mi, fi ìkòkò tíì yẹn sílẹ̀, wá jókòó níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí ni àwọn yòókù.

Ẹ̀yin àgbà ṣì rántí Bemanali. Ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn rẹ̀, bàbá tó bí Sanam nìyẹn, nítorí gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ ọ, èmi kọ́ ni mo bí i. Ọmọ mẹ́rin ló kú mọ́ ìyá Bemanali lọ́wọ́ kí ó tó bí i, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, pé kó jọ̀wọ́, kó dúró. Ó sì dúró. Ó dúró fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, títí èmi fi dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ inú ilẹ̀ lọ tún ọ̀nà omi ṣe, omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè wá sí oko wa, tí àwọn baba wa gbẹ́ kànga lé lórí lọ́kọ̀ọ̀kan kí èèyàn lè máa rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí i. Bí omi yẹn bá dí, Tutak ìlú wa yóò padà di yanrìn láàárín ọdún kan. Ẹ sì mọ bí àwọn oníṣẹ́ náà ṣe ń múra: aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ilẹ̀ gbé wọn mì láìsí aṣọ òkú lára wọn. Èmi ni mo máa ń wà lókè, nídìí igi tí a fi ń yí okùn. Àwa méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, èmi àti àbúrò Bemanali, ṣùgbọ́n ibà dá àbúrò dùbúlẹ̀ ní ìgbà ìkórè pómégíránétì ọdún náà, ó wá ku èmi nìkan. A so agogo bàbà kékeré kan mọ́ igi ọ̀hún, okùn tín-ínrín rẹ̀ sì dé ọwọ́ Bemanali nísàlẹ̀. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, kí n fa ẹrẹ̀ sókè ni. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, kí n fa òun fúnra rẹ̀ sókè ni. Bemanali máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Safar, ìyàwó mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ẹ lòun ti ń gba ọkọ òun lójoojúmọ́. Tó bá mọ̀ ni, ẹran inú ọbẹ̀ mi á ti di tìẹ." Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é.

Ìkórè yẹn náà ni òyìnbó ayàwòrán wá. Orí ìbaaka ló gùn wọ̀lú, pẹ̀lú agbòòrùn funfun àti àpótí ọ̀dà, Ovanes ará Àméníà sì ń tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ògbifọ̀. Ó ta aṣọ sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ìhà tí oòrùn ti ń wọ̀, ó sì ń ya ilẹ̀ wa: òkè, ilé amọ̀, àwọn òkìtì ẹnu kànga tó tò lọ bí ilé èèrà. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kò sí ẹni tí kò lọ yọjú wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀. A rí ìlú wa níbẹ̀, a kò sì mọ̀ ọ́n. Ó gbé mọ́ṣáláṣí kúrò lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, ó gbé e síwájú òkè nítorí ibẹ̀ ló wù ú. Ó to ràkúnmí mẹ́sàn-án sójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ràkúnmí kan ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ó wá ya ọ̀pẹ mẹ́ta. Ọ̀pẹ, ní Tutak, níbi tí òtútù yóò ti pa á kó tó yọ ewé. Bemanali rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ovanes, bá mi bi í, níbo ló ti rí igi yẹn? Tó bá ń so, kó fi hàn wá, ká lọ ká a." Ovanes bi í, òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, Ovanes sì dá èsì padà: "Ó ní àwọn èèyàn òun ò ní gbà pé ilẹ̀ Páṣíà ni tí wọn ò bá rí ọ̀pẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí lòun ń yà." Bemanali ní, "Ṣé ìyẹn ló fi rin ìrìn oṣù mẹ́ta? Ì bá kúkú jókòó sílé ẹ̀ kó yà á." A jọ rẹ́rìn-ín. N kò lè gbọ́ ẹ̀rín yẹn lọ́kàn mi lónìí kí n má fi ọwọ́ di etí.

Nígbà tó yá, òyìnbó ní òun ń wá ènìyàn kan tí yóò dúró nínú àwòrán náà. Ó wò wá yíká, ó nawọ́ sí mi. Ẹ wò mí báyìí, awọ lórí egungun, ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n mo ga, irùngbọ̀n mi dúdú kirikiri. Ó mú aṣọ alárànbarà kan jáde nínú àpótí rẹ̀, pupa àti òféèfèé, irú èyí tí ọkọ ìyàwó gan-an kò jẹ́ wọ̀ ní Tutak. Ó di ọ̀já aláwọ̀ ewé mọ́ mi nídìí, ó fi ọ̀pá darandaran lé mi lọ́wọ́, èmi tí n kò da àgùntàn rí. Ó ní kí n dúró lórí òkìtì kànga kẹrin kí n kọjú sí òun, kí n má mira. Àsìkò díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alaasari, nígbà tí òjìji bá ń gùn, ni ìmọ́lẹ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń yà mí. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹsẹ̀ àti aṣọ. Ọjọ́ kejì, ọwọ́ àti ọ̀pá. Ó ku ojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yìí, ẹ kò lè mọ̀. Bàbá mi kò wò mí rí àyàfi kó lè rí ibi tí yóò gbá mi. Òyìnbó yìí wò mí bí ẹni pé mo jẹ́ nǹkan. Mo fẹ́ kí ojú mi wọ inú àwòrán yẹn ju bí mo ti fẹ́ ohunkóhun láyé lọ. Ìyẹn ni gbòǹgbò ẹ̀ṣẹ̀ mi, ìyókù kàn hù láti ibẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà dé. Òyìnbó ti ní òun yóò lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, pé bí òun kò bá ya ojú mi lọ́jọ́ náà, ojú ẹlòmíràn ni òun yóò fi síbẹ̀. Kànga kẹta ni a ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn òkìtì tí mo máa ń dúró lé. Mo ti ṣírò pé bí Bemanali bá wọlẹ̀ láàárọ̀, a ó parí kí Alaasari tó tó. Ó dé, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun ní ẹnu kànga bí ìṣe rẹ̀, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ inú okùn. Ni mo bá sín. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bemanali yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ó ní, "Sùúrù ti dé, sísín ẹ̀ẹ̀kan ní kéèyàn dúró. Ká jókòó." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òtútù àárọ̀ lásán ni." Ó ní, "Òtútù ni o, ooru ni o, ó ti dé. Bàbá mi ò wọlẹ̀ lórí sísín ẹ̀ẹ̀kan rí, orí ẹní rẹ̀ ló kú sí. Ká dúró di ìgbà tí a bá kírun ọ̀sán tán." Mo ro ó. Bó bá wọlẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ ni yóò jáde, ojú ẹlòmíràn ni yóò sì wọ inú aṣọ mi. Gbogbo yín mọ̀ pé sísín kejì ni í tú ti àkọ́kọ́. Mo yí ẹ̀yìn sí i bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, mo fa koríko gbígbẹ kan tu, mo tì í bọ imú, mo sì sín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́? Ó yá o." Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Imú ẹ yìí mọ ohun tó fẹ́." Ó tan fìtílà epo lárà rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Báyìí ni mo ṣe fi koríko ti ọ̀gá mi sínú ilẹ̀.

Ẹrẹ̀ inú kànga náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ. A kó títí, ọ̀sán kọjá, Alaasari kọjá, Bemanali ṣì wà nísàlẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí òyìnbó lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ pè mí, tó ń nawọ́ sí oòrùn. Ẹni tó bá wà nídìí okùn kì í kúrò níbẹ̀. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ni yóò ti tọ̀ ọ́. Mo mọ̀. Mo sì fi igi dá okùn dúró, mo wọ aṣọ alárànbarà náà, mo lọ gun òkìtì kẹrin. N kò tilẹ̀ yọjú sí kànga láti sọ fún un pé mo ń lọ. Òyìnbó gbé ọwọ́ òsì sókè: má mira. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ojú mi. Kò pẹ́ púpọ̀ tí agogo fi dún lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn náà ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ òyìnbó ṣì wà lókè. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́kàn mi, mo sọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí: "Ṣebí òun ló fẹ́ràn sùúrù. Kó ní díẹ̀." Nígbà náà agogo bẹ̀rẹ̀ sí dún láìní iye, bí agogo ọrùn ewúrẹ́ tí ìkookò lé, ó sì dákẹ́ lójijì. Kí n tó lè mí, òtútù bà mí lẹ́yìn ọrùn. Mo gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń mí sókè sódò lẹ́yìn mi, bí ẹni tó gun òkè tí kò dúró sinmi. Mo ní afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú òyìnbó. Ó kúrò lójú mi, ó lọ sí ẹ̀yìn èjìká mi, ó wo nǹkan kan níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí nǹkan náà tẹ́ lọ́rùn, ó sì ń yàwòrán rẹ̀ lọ.

Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, n kò sáré. Mo bọ́ aṣọ òyìnbó, mo ká a dáadáa kí ó má rún, mo dá a padà fún un, òun àti Ovanes sì gba ilé èrò lọ. Lẹ́yìn náà ni mo tó lọ yí okùn. Ó fúyẹ́ wá sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu rẹ̀. Mo pe Bemanali. Ohùn mi sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan ló padà wá. Ìgbà yẹn ni mo tó figbe ta, gbogbo ìlú sì dà jáde. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àgbà oníkànga kan láti abúlé kejì ló gbé e jáde. Ó fọ ọwọ́ òkú náà, ó gbé e sókè fún wa láti rí, èékánná kò kù níbẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ ò wó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń já, ẹni yìí sì ní àkókò láti pè. Ta ló wà lókè?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Wọn ì bá lù mí, wọn ì bá lé mi, ó tán. Ṣùgbọ́n mo rí Golandam, ìyàwó rẹ̀, tó ń fi apá ti èèyàn kọjá bọ̀ pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, èṣù sì fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Èmi ni mo wà lókè. Mi ò kúrò, agogo ò sì dún. Sísín ló pa á. Ó sọ fún mi pé Golandam sín bí òun ṣe ń jáde nílé, ó lóun ò ní kà á sí torí ìyẹ̀fun ti tán nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó kọ̀." Golandam dúró. Kò sunkún. Ó ní, "Safar, wò mí lójú. Mi ò sín. Ó fẹnu ko ọmọ ẹ̀ lórí, ó sì lọ. Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Ọ̀fìnkìn ti ń yọ obìnrin yìí lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi sín, níwájú òkú, lójú gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ fi ìṣísẹ̀ kan sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí gbọ́. Ẹyin lohùn. Bó bá ti balẹ̀, a kì í rí i kó jọ.

Mo ní kí n sáré lọ bá òyìnbó kó tó kúrò, kó má baà sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí mo dúró. Ilé èrò lẹ́yìn odi ló sùn, ó ti ń di ẹrù, kò tíì gbọ́ ohunkóhun. Nígbà tó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ṣí aṣọ lójú àwòrán náà kí n lè rí ara mi. Mo rí ara mi. Ojú mi lẹ́wà. Lẹ́yìn mi, ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, kò dé fìlà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí èjìká mi, ìka rẹ̀ kò tíì kàn mí. Mo ní, "Ovanes, ta nìyẹn?" Wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ovanes ní, "Ó ní ẹnìkejì ẹ ni. Ó ní ó jáde nínú kànga nígbà tóun ń ya ojú ẹ, ó rìn wá sẹ́yìn ẹ, ó nawọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun rò pé o mọ̀." Mo ní, "Sọ fún un pé irọ́ ni, bó ṣe ya ọ̀pẹ." Ovanes sọ ọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú òyìnbó, ó wo àwòrán, ó wò mí, ó sì rọra sọ̀rọ̀. Ovanes ní, "Ó ní ọ̀pẹ, orí òun ló ti wá. Eléyìí, ojú òun lòun fi rí i. Ó ní nígbà tóun wo ilẹ̀ láti po ọ̀dà, tóun tún gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́." Bemanali kò jáde nínú kànga yẹn, ẹ̀yin ará mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ni, ó ti gan. Ọ̀dà náà ṣì tutù. Kí wọ́n tó lè dì mí mú, mo ti fi àtàǹpàkò nu ọkùnrin funfun náà láti orí dé ẹsẹ̀, títí kò fi ku nǹkan kan níbẹ̀ ju ìdọ̀tí eruku lọ. Òyìnbó pariwo, Ovanes tì mí ṣubú, wọ́n sì gbé ẹrù wọn lọ. Mo rò pé ó tán. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Wọ́n lé Golandam kí ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀ tó pé. Ẹlẹ́sẹ̀ burúkú ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin kì í bá a dúró létí omi mọ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ọmọ kò lè tẹ̀ lé e, ọmọ Bemanali ni. Kokabu ìyàwó mi, tí Ọlọ́run ti pè, ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ nígbà náà ni, ọmú rẹ̀ ṣì kún. Ó ní ká gbà á tọ́. Gbogbo Tutak yìn mí. Ẹ ní, "Safar ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóore." Ẹ tilẹ̀ dá owó fún mi láti fi lọ sí Karbala, mo sì lọ, mo gba orúkọ Karbalayi tí ẹ ń pè mí yìí bọ̀. Sanam, o dàgbà nínú ilé yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ, kì í ṣe irọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń wá. Ọdọọdún, nígbà ìkórè pómégíránétì, ó ń rin ìrìn ọjọ́ méjì wá dúró lábẹ́ igi tó wà lẹ́nu ibodè, kó lè rí ọ níbi tí o ti ń pọnmi. Kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún méjìlá, àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ. O ṣa òkúta. O ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ burúkú, ìwọ lo pa bàbá mi, má wá wò mí mọ́." O sọ òkúta náà lù ú, ó bà á níwájú orí. Mo wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Obìnrin náà nu ẹ̀jẹ̀, ó wò mí, kò wò ọ́. Ó mọ̀. Ó dúró, ó ń retí kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, mo ní, "O káre, ọmọ mi." Mirza, fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Mo ti pa Bemanali lẹ́ẹ̀kan, àìbìkítà ló pa á. Ti ọjọ́ yẹn, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, Sanam lọ sí ìlú Yazd, ó ra ìṣù ṣúgà líle kan bọ̀, ìwé ìròyìn òyìnbó ni wọ́n fi wé e. Ó tú u, ó sì ké sí mi, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. "Baba, ẹ wá wo ọ̀pẹ mẹ́ta! Ṣé kì í ṣe ìlú wa tí òyìnbó yẹn yà nìyí?" Ó tẹ ìwé náà tẹ́jú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òun nìyẹn, ẹ gbójú sókè. Ẹ rí òkè, ẹ rí mọ́ṣáláṣí tó ṣí kúrò láyè rẹ̀, ẹ rí ràkúnmí. Ẹ rí òkìtì kànga kẹrin. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹni lórí òkìtì náà. Kò sí aṣọ alárànbarà, kò sí ọ̀pá, kò sí èmi. Eruku díẹ̀ ló wà níbi tí mo dúró. Lẹ́yìn eruku náà ni ọkùnrin aláṣọ funfun wà, ó mọ́ kedere, ó na ọwọ́ sí ibi tó yẹ kí n wà. Ó lè jẹ́ pé òyìnbó náà ló tún un yà nígbà tó délé. Ó lè jẹ́ pé aṣọ náà kò wù ú mọ́. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi yìí mọ ẹni tó nù. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́, tí ẹ ń sọ pé àìsàn ni. Sanam máa ń nu eruku lójú ìwé yẹn láràárọ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Baba, mi ò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Bó ṣe dúró jọ bí ọmọ mi ọkùnrin ṣe ń dúró." Mo ní irọ́ òyìnbó ni, bíi ti ọ̀pẹ. Sanam, bàbá rẹ ni.

Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ọmọdé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n bá fi yín sídìí okùn ẹnìkan, ẹ má kúrò níbẹ̀, bí ọba tilẹ̀ ń fẹ́ ya ojú yín. Sanam, mo ń bẹ̀ ọ́, kì í ṣe nítorí bàbá rẹ, èmi àti òun yóò ríra láìpẹ́. Nítorí òkúta yẹn ni. Sọ pé o forí jì mí, tàbí kí o sọ pé o kò forí jì mí. Kí lo ní? Sọ ọ́ sókè. O ń béèrè pé ọdún mélòó ni ìyá rẹ fi wá. Kò dáwọ́ dúró, ọmọ mi. Lẹ́yìn òkúta náà, ẹ̀yìn ilé tí a ń kó yìnyín pamọ́ sí ló ń dúró sí, níbi tí o kò ti lè rí i. Èmi nìkan ló ń rí i, mo sì ń díbọ́n pé n kò rí i. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìlú Akda ló wà, ó ń gbálẹ̀ ilé àdúrà kékeré tó wà níbẹ̀. Oníràkúnmí kan tó kọjá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ó wà láàyè, ó ní ikọ́ kò jẹ́ kó sùn.

Ààfáà, ẹ má dá Sanam dúró. Ẹ má sọ fún un pé kó sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń kú lọ. Kò jẹ mí ní ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kó wá bàtà rẹ̀. Ẹnìkan nínú yín lọ bá a di gàárì sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi, kí ẹ fi búrẹ́dì àti omi sínú àpò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àgbàlá, kò wẹ̀yìn. Ìrìn ọjọ́ méjì ni Akda. Ọlọ́run, bí ọjọ́ bá ṣì kù nínú èyí tí o kọ fún mi, yọ méjì níbẹ̀ kí o fún Golandam, kí ọmọ rẹ̀ lè bá a láàyè. Bó bá sì jẹ́ pé méjì péré náà ló kù fún mi, kó méjèèjì.